Kí orí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún má baà kẹ̀: ìbéèrè táwọn ará ilé aláìsàn ń bi wá jù

Nọ́ọ̀sì ni mí, yàrá tí wọ́n ti ń wẹ ọgbẹ́ àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni mo sì máa ń wà jù. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò ní bi wá, mo wá kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn gan-an. Kò rọ́pò dókítà yín o, ohun tí dókítà tó la orí yẹn bá sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé. Tẹ́ ẹ ò bá mú nǹkan míì níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú èyí: tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tí kò yé yín lójú abẹ, ẹ tètè padà wá, ọjọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe ọjọ́ àpọ́ìntìmẹ́ǹtì.

Kí gan-an ni wọ́n ń pè ní àkóràn ojú iṣẹ́ abẹ?

Kòkòrò tójú ò lè rí ló ráyè wọ ibi tí wọ́n là, tó wá ń pọ̀ síbẹ̀. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe lè le tó, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n máa ń là kọjá kí wọ́n tó dé ọpọlọ. Awọ orí ló kọ́kọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ni egungun agbárí tí wọ́n máa gé abala kan yọ níbẹ̀, ẹ̀yìn egungun ni awọ kan tó yi wà tó bo ọpọlọ, omi tó mọ́ gaara tó yí ọpọlọ ká wà lábẹ́ awọ yẹn, ká tó wá kan ọpọlọ fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á rán awọ inú, wọ́n á dá egungun padà, wọ́n á fi irin tín-ín-rín tàbí okùn mú un dúró, wọ́n á wá rán awọ orí lé e. Kòkòrò lè mọ sí awọ orí nìkan, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ le. Ó lè wọ egungun, ó lè kó ọyún jọ sábẹ́ egungun, ó lè dénú omi yẹn, èyí ni wọ́n ń pè ní mẹninjáítíìsì, ó sì lè di ọyún sínú ọpọlọ. Bó bá ṣe jìn wọlé tó ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe máa le tó, ìdí nìyẹn tá a fi ń pariwo pé kẹ́ ẹ wá nígbà tó ṣì wà lókè.

Ṣé ó wọ́pọ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n là lórí ni kò ní nǹkan kan ṣe ojú abẹ wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, iye tó ń ní in máa ń wà láàrin 1 sí 8 nínú 100 èèyàn, ó sinmi lórí irú iṣẹ́ abẹ àti irú ọsibítù. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ti iṣẹ́ abẹ lápapọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní 11 nínú 100 ni ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwa náà wà níbẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó máa lé oorun lójú yín lálaalẹ́, àmọ́ kì í ṣe nǹkan téèyàn á tún fojú fò.

Ta ló fà á? Ṣé dókítà ni, àbí ayé?

Ìbéèrè yìí máa ń dun àwọn èèyàn lọ́kàn gan-an, mo sì mọ̀ pé inú ìbànújẹ́ ló ti ń wá. Kòkòrò tó ń fà á jù, ara aláìsàn fúnra ẹ̀ ló ń gbé. Staphylococcus lorúkọ ẹ̀, orí awọ gbogbo wa ló wà, nínú imú, nídìí irun, kì í ṣe wá ní nǹkan kan títí ọ̀nà á fi ṣí fún un láti wọlé. Àwọn míì wà tó jẹ́ ti ọsibítù, bíi Klebsiella, Pseudomonas àti Acinetobacter, àwọn yìí máa ń gba ọwọ́ tí wọn ò fọ̀ lọ sára aláìsàn, ọwọ́ wa àti ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí i. Kò sí ohun tó burú nínú kẹ́ ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa fọwọ́ kẹ́ ẹ tó ṣí i". Kò yẹ kí nọ́ọ̀sì kankan bínú sí ìyẹn.

Àwọn kan wà tó tètè máa ń ṣe ju àwọn míì lọ. Ẹni tí wọ́n tún orí ẹ̀ là lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀ gba ju wákàtí 4 lọ, ẹni tó ní ìtọ̀ súgà tí súgà ẹ̀ ò wálẹ̀, ẹni tó ń fa sìgá, ẹni tí wọ́n fi rọ́bà tàbí irin sí lórí, àti èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn, ẹni tí omi ọpọlọ ń jò lójú abẹ. Àwọn tó já lórí ọ̀kadà náà, tí agbárí fọ́ tí iyẹ̀pẹ̀ títì sì ti wọ inú ẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn dé, kòkòrò ti wọlé kí dókítà tó mú abẹ rárá.

Ṣé ká lọ fá irun ẹ̀ kodoro lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí àwọn ará ilé pe bábà wá sí wọ́ọ̀dù, wọ́n á ní àwọn fẹ́ bá dókítà dín iṣẹ́ kù, wọ́n á wá fi abẹ ìfárí fá a kó máa dán. Abẹ yẹn máa ń gé awọ orí wẹ́wẹ́, ojú yín lè má rí i, kòkòrò á wá fi gbogbo òru kóra jọ sínú àwọn ojú gígé kéékèèké yẹn, ilẹ̀ á mọ́ wọ́n á la orí gba ibẹ̀ kọjá. Ìlànà tí WHO gbé jáde lọ́dún 2016 sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má fi abẹ fá irun aláìsàn rárá, tó bá di dandan kí irun kúrò, kílípà ni kí wọ́n fi gé e. Ọ̀pọ̀ dókítà ọpọlọ ni kì í tiẹ̀ gé ju ìlà tín-ín-rín kan lọ báyìí. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ fọ irun orí ẹ̀, kẹ́ ẹ tú dídì tàbí àtaṣímẹ́ǹtì tó bá wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ mímọ́ fún un.

Kí ló dé tí wọ́n dáwọ́ abẹ́rẹ́ antibáyọ́tíìkì dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ṣé torí a ò lówó ni?

Rárá o. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò, àsìkò ẹ̀ ni kí abẹ tó kan awọ. Láàrin wákàtí 2 tó ṣáájú kí wọ́n tó là á ni wọ́n máa ń fún un, kí oògùn lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá ṣí, tí iṣẹ́ náà bá sì pẹ́ wọ́n lè tún fún un láàrin ẹ̀. Tí wọ́n bá ti rán an tán, gbígba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ 7 tàbí 10 sí i kì í jẹ́ kó má kẹ̀, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa kòkòrò tí kò lágbára, ó ń fi àwọn alágídí sílẹ̀. Tí wọ́n bá wá rí àkóràn gan-an, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn, oògùn ìwòsàn nìyẹn, wọ́n á gbà á pẹ́.

A ti délé. Kí ló yẹ ká máa rí, kí sì ni kò yẹ ká rí?

Tí ojú bá wú, pàápàá ìpéǹpéjú ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, láàrin ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù, á lọ. Ojú abẹ lè máa yún un, ẹ̀yìn ìlà yẹn lè kú tipiri bíi pé kì í ṣe ara ẹ̀, àwọn míì á ní àwọn ń gbọ́ "kẹ́kẹ́" nínú egungun tí àwọn bá ń jẹun. Orí á máa fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kó máa dín kù lọ́jọ́ dé ọjọ́ ni.

Èyí tí kò yẹ kẹ́ ẹ rí: ojú abẹ tó gbóná tó sì ń pọ́n sí i, tó rọ̀ bọ̀kọ̀bọ̀kọ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ọyún, òórùn, okùn tó já tí ojú abẹ sì ya, ibi tí ìpẹ́ kékeré kan kì í gbẹ tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Orí fífọ́ tó ti rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó tún wá le sí i. Ibà, tí témómítà bá gbé e dé 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọrùn tó gan tí kò lè fi àgbọ̀n kan àyà. Kó máa bì. Kó máa sùn ṣáá, tàbí kó máa sọ ìsọkúsọ, ẹni tó ti mọ̀ yín lánàá kó má mọ̀ yín mọ́. Gìrì. Kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan rọ. Ẹyọ kan péré nínú èyí ti tó láti gbéra, ẹ má dúró kó pé méjì.

Lójoojúmọ́, ẹ mú un síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù tó bá jẹ́ alẹ́, ẹ fọwọ́, ẹ ya irun ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ wo ìlà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn etí torí ibẹ̀ làwọn èèyàn kì í wò. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá fi ti òní wé ti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ máa mọ̀ bóyá ó ń jiná tàbí ó ń padà sẹ́yìn, dókítà náà á sì rí nǹkan wò.

Omi tó mọ́ gaara ló ń jáde, kì í ṣe ọyún, kò sì rùn. Ṣé ìyẹn náà le ni?

Ó le ju ọyún lọ nígbà míì, mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí. Báyìí ló ṣe máa ń rí: wọ́n á jí láàárọ̀ wọ́n á rí i pé pílò tutù níbi orí, wọ́n á rò pé òógùn ni, torí iná ò sí lóru ooru sì mú, wọ́n á yí pílò padà. Lọ́jọ́ kejì á tún tutù lójú kan náà. Tó bá gbẹ, á fi àmì roboto sílẹ̀ lára aṣọ, kò ní àwọ̀, kò sì yi. Àwọn míì, tí wọ́n bá tẹrí ba kí wọ́n kírun tàbí kí wọ́n gbálẹ̀, á máa kán tó, tó, tó, láti imú, wọ́n á ní ọ̀fìnkìn ni.

Omi tó yí ọpọlọ ká ló ń jò yẹn. Tí omi bá rí ọ̀nà jáde, kòkòrò náà ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn, kò sì sí awọ kankan tó máa dá a dúró mọ́ kó tó dé ọpọlọ. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má fi òwú dí imú tàbí etí, ẹ má jẹ́ kó fun imú, ẹ gbé orí ẹ̀ sókè díẹ̀ lórí pílò, ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́ bo ojú abẹ, kẹ́ ẹ máa bọ̀. Nígbà míì okùn ìrán kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi kún un, ó parí. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, mẹninjáítíìsì la sábà máa ń bá a fà.

Ara ẹ̀ ń gbóná, a ti fún un ní oògùn màléríà. Ṣé ká dúró wò ó?

Ẹ má dúró. Màléríà pọ̀ lóòótọ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì lè jẹ́ òun ni, àmọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la orí ẹ̀, ojú abẹ la máa ń kọ́kọ́ wò. Àwọn tá à ń pàdánù, ọ̀pọ̀ wọn ti mu oògùn màléríà, wọ́n tún gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù ní kẹ́mísì, ọjọ́ 10 ti lọ kí wọ́n tó rántí orí. Èyí máa ń dùn mí wọra. Ẹ tún mọ̀ pé ẹni tó ń lo dexamethasone, oògùn kékeré tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ọpọlọ wíwú rọlẹ̀, ara ẹ̀ lè má gbóná rárá kí ọyún sì wà ńbẹ̀, torí oògùn yẹn máa ń bo ibà mọ́lẹ̀, ó sì máa ń gbé súgà sókè. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ewu tiẹ̀ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣáà máa fojú ṣọ́ ọ dáadáa.

Ṣé a lè kọ́kọ́ gbìyànjú Ampiclox? Tàbí àgbo, tàbí oyin?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ọpọlọ ní ààbò kan tí kì í jẹ́ kí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹ̀, ọ̀pọ̀ kapusùlù téèyàn gbé mì ni kì í ráyè débẹ̀ tó iye tó máa pa kòkòrò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ inú iṣan la máa ń gba oògùn ẹ̀ sí, iye ńlá, ọjọ́ gbọọrọ. Ohun tí kapusùlù méjì-mẹ́ta yẹn máa ṣe ni pé tá a bá gbé ọyún ẹ̀ lọ sí láàbù, kòkòrò ò ní hù níbẹ̀ mọ́ torí oògùn ti gbá a díẹ̀, a ò wá ní mọ irú ẹ̀ tàbí oògùn tó máa pa á, inú òkùnkùn la ó ti máa tọ́jú ẹ̀.

Àgbo tí wọ́n ń fi sójú abẹ, ìyẹ̀fun tí wọ́n tú láti inú kapusùlù, òrí, oyin, spírítì, ọṣẹ dúdú, ẹ má fi ìkankan síbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wa tó mọ ewé. Àmọ́ orí tí wọ́n ti gé egungun ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tó gbọgbẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀?

Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi òwú gba ọyún lọ sí láàbù, wọ́n á ṣe síkáànù. Tí wọ́n bá fura sí mẹninjáítíìsì, wọ́n lè fa omi díẹ̀ ní ẹ̀yìn. Ẹ̀rù èyí ń ba àwọn èèyàn, wọ́n ní á rọ aláìsàn lẹ́sẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ibi tí okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí ni wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ yẹn gún, omi nìkan ló wà níbẹ̀ àti àwọn iṣan tó máa ń yẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

Tó bá jẹ́ awọ orí nìkan, wọ́n lè wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sì fún un ní oògùn. Mẹninjáítíìsì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 abẹ́rẹ́. Tó bá ti wọ egungun tàbí tó di ọyún nínú ọpọlọ, wọ́n máa tún padà sí téàtà kí wọ́n fọ̀ ọ́, abẹ́rẹ́ á sì tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó ń ká àwọn èèyàn lára jù ni tí dókítà bá ní òun máa yọ egungun yẹn kúrò. Wọ́n á ní "ṣé orí ẹ̀ máa wá ṣí sílẹ̀ báyẹn ni?" Ìdí ẹ̀ rèé: egungun tí wọ́n gé yọ tí wọ́n dá padà, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dé ibẹ̀ mọ́, oògùn sì rèé inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà kiri. Kòkòrò á jókòó síbẹ̀, oògùn ò lè bá a. Rọ́bà àti irin náà rí bẹ́ẹ̀, kòkòrò máa ń ṣe nǹkan kan tó ń yọ̀ bò ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ lára wọn, bí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù omi, téèyàn á da omi sí i títí tí kò ní ṣí. Wọ́n ní láti yọ ọ́ ni. Awọ orí á bo ibẹ̀, ojú ibẹ̀ á jìn díẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ kó má ṣubú, tó bá sì ti tó bí oṣù 3 sí 6 tí àkóràn ti lọ pátá, wọ́n á fi nǹkan míì dí i fún un. Ẹni tó yẹ kó gba ìtọ́jú iná (radiotherapy) fún jẹjẹrẹ, àkóràn lè dá ìyẹn náà dúró títí ojú abẹ á fi san.

Ọmọ wa ni wọ́n fi rọ́bà sí lórí nítorí omi inú orí. Kí la máa ṣọ́?

Rọ́bà yẹn, tó ń gbé omi láti orí lọ sí ikùn, ń kó àkóràn ju iṣẹ́ abẹ orí míì lọ, bíi 5 sí 15 nínú 100 ọmọ, oṣù méjì àkọ́kọ́ ló sì wọ́pọ̀ sí jù. Ẹ máa wo ojú ọ̀nà tí rọ́bà gbà, láti orí, ẹ̀gbẹ́ ọrùn, àyà, dé ikùn, tó bá pọ́n tàbí tó wú níbì kankan. Ẹ fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ẹ̀ nígbà tí kò sunkún, tó bá yọ sókè tó sì le, ẹ gbé e wá. Ibà, ìbì, ìkanra, ọmọ tí kò mu ọmú mọ́, inú rírun, bákan náà. Ìyá ọmọ, tí wọ́n bá ní eyín ló fẹ́ hù, ẹ ní àwa máa kọ́kọ́ rí dókítà ná.

Ìgbà wo la lè fọ irun, ká di í, ká wé gèlè?

Tó bá ti ju wákàtí 48 lọ ọ̀pọ̀ dókítà máa ń gbà kí omi kàn án, ẹ bi tiyín léèrè. Omi tó mọ́, ọṣẹ tí kò le, ẹ má ha á, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan nù ún pẹ́pẹ́. Wọ́n sábà máa ń tú okùn láàrin ọjọ́ 7 sí 14. Irun dídì, wíìgì, dáì àti rìláásà, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ 6, kí ojú abẹ sì ti pa dé pátá, torí dídì máa ń fa awọ orí. Gèlè tó le, ẹ fi sílẹ̀ ná. Aṣọ rírọ̀ tẹ́ ẹ fọ̀ tẹ́ ẹ sá sóòrùn dára. Kó má fọwọ́ họ ọ́, ẹ gé èékánná ẹ̀.

Ṣé òtítọ́ ni pé kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin tàbí ẹ̀wà kó má baà kẹ̀?

Irọ́ ni. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àwọn gan-an ni ara fi ń rán ọgbẹ́. Ẹni tó ní súgà kó dín ohun dídùn kù kó sì máa lo oògùn ẹ̀. Sìgá, kó fi sílẹ̀ pátápátá.

Pásítọ̀ wa fẹ́ fi òróró kan ojú abẹ.

Ẹ jẹ́ kó fi kan àtẹ́lẹwọ́ tàbí iwájú orí ẹ̀ tí kò sí ọgbẹ́. Àwa náà ń gbàdúrà. Mi ò tíì rí pásítọ̀ tàbí àlùfáà kan tí a fara balẹ̀ ṣàlàyé fún tó bínú.

Títí dìgbà wo la máa fi ṣọ́ ọ?

Ọ̀pọ̀ ló máa ń yọjú láàrin oṣù kan, àmọ́ fún iṣẹ́ abẹ orí, ọjọ́ 90 ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ ọ. Èyí tó wà nínú egungun lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó oṣù púpọ̀ kí ihò kékeré kan tó yọ tó ń ṣomi. Ẹ má sọ pé "ó ti pẹ́ tó ṣiṣẹ́ abẹ, kò lè jẹ́ òun".

Ṣé ká tiẹ̀ gbé e lọ sílẹ̀ òkèèrè?

Ẹni tí agbára ẹ̀ gbé e, kò burú. Àmọ́ iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa: ọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, dé láti Amẹ́ríkà, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní UCH Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tí orí ẹ̀ ti ń ṣomi báyìí, ọsibítù tó ní dókítà ọpọlọ tó sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré gbé e lọ, ọ̀rọ̀ físà á dúró dè yín. Tówó bá jẹ́ ìṣòro, ẹ bèèrè àwọn Medical Social Worker ní ọsibítù, iṣẹ́ wọn ni.

Kí la máa mú dání tá a bá ń bọ̀?

Káàdì ọsibítù, ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, síkáànù àtijọ́ (fíìmù ẹ̀ tàbí sídíì), gbogbo oògùn tó ń lò nínú nálọ́ọ̀nù kan títí kan èyí tẹ́ ẹ rà ní kẹ́mísì, ẹ má tijú, a ò ní bú yín. Fọ́tò ojú abẹ tó wà lórí fóònù. Tí pílò bá tutù, ẹ mú aṣọ pílò yẹn wá, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má fún un lóúnjẹ lójú ọ̀nà títí dókítà á fi rí i, torí ó lè jẹ́ téàtà ni wọ́n máa gbé e gbà, tó bá sì jẹ́ ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ súgà, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà.